Eegun Ò Ṣẹ́: Ìṣubú Orí Yìnyín Kan àti Orúnkún Tí Wọ́n Gbé Wá Bá Mi ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 26, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń kàwé gboyè kejì ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Oṣù Kejì ló ṣubú lọ́hùn-ún. Ìparí oṣù Karùn-ún ló wálé wá bá wọn sin ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ọjọ́ kejì ìnáwó òkú náà ni wọ́n sì gbé e wá síbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ fisiotẹ́rápì, ìyẹn fífi ọwọ́ àti eré ìdárayá tọ́jú ara. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kí ẹlòmíì lè rí i kà. Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà kí ará àdúgbò má baà mọ ilé wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú agbo kò gùn. Ó ń jó, ó sún mọ́ onílù láti lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, onílù bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlù ki ilé wọn, orí ọmọ wú, ó fẹ́ yí bírí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún dúró sójú kan, ara yí, orúnkún yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó sì wó lu àbúrò ìyá rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, orúnkún náà ti wú. Nígbà tí mo wádìí síwájú, mo gbọ́ pé láti ọjọ́ tó ti dé ni ìdọ̀bálẹ̀ ti ń ni ín lára. Ó lè lọ sílẹ̀, àmọ́ kó tó dìde, á fọwọ́ ti ilẹ̀, á tún fi ara sí apá òsì. Àwọn àgbà rí i. Wọ́n ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di ọ̀lẹ.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Dọ́kítà, ẹ bá mi wò ó o. Wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní eegun ò ṣẹ́. A tún yà á níbí láàárọ̀ yìí, wọ́n ní eegun ò ṣẹ́. Bàbá tó ń to eegun ládùúgbò wa fọwọ́ kàn án, wọ́n ní eegun ò ṣẹ́. Kí ló wá ń gbé e ṣubú?"

Dọ́kítà kọ́ ni mí. Mo sọ ọ́ fún wọn, wọn ò gbà, mi ò sì jiyàn mọ́.

Ohun tó yẹ ká kíyè sí nínú ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni pé kò sẹ́ni tó parọ́ fún un. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tọ̀nà. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn dáhùn, wọ́n sì dáhùn rẹ̀ dáadáa. Kò kàn sẹ́ni tó tíì béèrè ìkejì ni. Nítorí pé ìkejì kò tíì wáyé, olúkúlùkù nínú ilé ti dá tirẹ̀ sílẹ̀. Àbúrò ìyá ní wọ́n ta ọmọ náà ní nǹkan lójú agbo, ẹni tó tà á ò sì jìnnà. Bàbá rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ní òtútù Amẹ́ríkà ló wọ̀ ọ́ léegun, pé bí wọ́n bá fi òrí gbígbóná pa á, tí oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ sì rà á lára, á lọ. Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò jẹ àmàlà tó.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo bi í pé, "Kí lo ń ṣe gan-an níjọ́ tó o kọ́kọ́ ṣubú?"

Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Mo lọ ṣe síkì ni, mà."

Síkì ni pátákó gígùn tín-ínrín méjì tí èèyàn ń so mọ́ bàtà láti fi yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí yìnyín. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìtàn tí ilé mọ̀ yàtọ̀. Ohun tó sọ fún wọn lórí fóònù ni pé òun yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé-ìwé. Ìyá rẹ̀ pariwo: "Síkì bí ti inú tẹlifíṣọ̀n? Ìwọ, ọmọ Ajílété! Ṣé irú wa náà ń ṣe ìyẹn ni?" Bàbá ló gbà á sílẹ̀ díẹ̀. Ó ní irú wa ń ṣe é, pé ní ọdún 2018, Ṣeun Adigun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì fi ọkọ̀ orí yìnyín ṣojú Nàìjíríà níbi Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Pyeongchang, Ṣimidélé Adeagbo náà sì wà níbẹ̀. Pé ní 2022, Samuel Ikpefan fi síkì gan-an ṣojú wa ní Beijing. Ìyá ní àwọn yẹn kì í ṣe ọmọ òun.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ó sọ ọ̀sán ọjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má fo ohunkóhun. Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.

Ọjọ́ Sátidé ni. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n jọ lọ nínú ọkọ̀ ọ̀rẹ́ wọn kan tó dàgbà sẹ́nu eré náà. Òkè kékeré ni wọ́n lọ, irú èyí tó wà káàkiri agbègbè New England: kì í ṣe òkè ńlá tí àwọn olówó ń wọ bàálù lọ, òkè àdúgbò ni, tí àwọn ọmọ iléèwé ń lọ tí wọ́n bá ti jáde iléèwé, tí wọ́n sì ń tan iná sí lálẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ lè rí i ṣe. Owó rẹ̀ kéré sí ti àwọn ńlá. Apá púpọ̀ nínú yìnyín tó wà lórí rẹ̀ kì í sì í ṣe òjò ló rọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ ni. Bí òtútù bá ti tó, wọ́n á fi afẹ́fẹ́ alágbára fín omi sókè wẹ́wẹ́, omi náà á ti dì kó tó balẹ̀. Èyí tí ẹ̀rọ ń ṣe máa ń ki ju ti ojú ọ̀run lọ, nígbà tó bá sì dì mọ́ra, ó máa ń le.

Wọ́n yá síkì níbẹ̀. Kí wọ́n tó kó o fún un, ó kọ nǹkan sínú fọ́ọ̀mù: ọjọ́ orí, gíga, ìwọ̀n ara, àti irú ẹni tó jẹ́ lórí síkì. Mẹ́ta ni irú ẹni: oníwọ̀ǹba, ẹni àárín, àti ẹni tó ń sáré. Kò tíì gun síkì rí láyé rẹ̀. Ẹni àárín ló fàmì sí, nítorí pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró tì í, wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí fọ́ọ̀mù yẹn wà fún ni ẹ̀rọ kékeré tó mú bàtà mọ́ síkì. Ó ní nọ́ńbà tí wọ́n ń yí i sí. Tó o bá ṣubú, tí agbára ìṣubú náà bá kọjá nọ́ńbà yẹn, ẹ̀rọ náà á ja bàtà sílẹ̀, síkì á bọ́ kúrò lẹ́sẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe ka ẹni sí akọni tó ni nọ́ńbà ẹ̀ ṣe máa ń ga tó. Bàtà náà fúnra rẹ̀ le gbagidi dé àárín ojúgun, ọrùn ẹsẹ̀ kò lè mì nínú rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: ohun tí ọrùn ẹsẹ̀ ò bá lè gbà, orúnkún ló ń bọ̀ sí.

Ó gba ẹ̀kọ́ wákàtí kan pẹ̀lú àwọn ọmọdé. Wọ́n kọ́ ọ kó mú imú síkì méjèèjì pàdé, kí ó ya ìdí wọn síra, kó lè máa rìn jẹ́jẹ́. Wọ́n ní bẹ́líìtì rọ́bà kan tó ń rìn fúnra rẹ̀ gòkè, tí èèyàn kàn ń dúró lé. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́rin kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ó ń kọrin.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé e lọ sórí àga tó ń gun òkè lórí wáyà. (Mo fẹ́ràn ìtàn àga yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Kí wọ́n tó ní i, okùn lásán ni wọ́n ń dì mú. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Amẹ́ríkà wà ní Woodstock, ní Vermont, ní 1934, ẹ́ńjìnnì mọ́tò Ford àtijọ́ ló ń fà á. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni James Curran, ẹnjiníà iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Union Pacific, ṣe àga orí wáyà àkọ́kọ́ fún Sun Valley ní Idaho. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi ló ti rí ọgbọ́n rẹ̀: ibi tí ìkọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà, ó fi àga sí i.) Ọmọ wa ní òun gbádùn àga náà ju síkì lọ.

Wọ́n ń fi àmì ya ojú ọ̀nà tó ń sọ̀ kalẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀. Òbìrí àwọ̀ ewé ni ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, onígun mẹ́rin aláwọ̀ aró ni ti àárín, dáyámọ́ńdì dúdú ni ti ògbóǹtagí. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ ni pé òkè kọ̀ọ̀kan ló ń fi tirẹ̀ wé tirẹ̀. Aláwọ̀ aró òkè yìí lè rọrùn ju ti òkè kejì lọ tàbí kó le jù ú. Ó lo ọ̀sán náà lórí òbìrí, ó ṣubú lọ́pọ̀ ìgbà, ó dìde, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Bí aago mẹ́ta ti kọjá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ó ti ń mọ̀ ọ́n, kí wọ́n gbìyànjú aláwọ̀ aró kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo dá a dúró níbẹ̀, mo béèrè ohun méjì. Mo ní báwo ni itan rẹ̀ ṣe rí lásìkò yẹn? Ó ní ó ń jó òun bí iná, pé òun ò lè tẹ orúnkún dáadáa mọ́, ṣe lòun ń nà gbọọrọ. Mo ní báwo ni ilẹ̀ ṣe rí? Ó ní nígbà tí oòrùn wà lórí, ojú ọ̀nà rọ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n débẹ̀, òjìji òkè ti bo apá kan, èyí tó rọ̀ lọ́sàn-án ti tún dì padà, ó ń dán. Àwọn tó ti pẹ́ sẹ́nu eré náà ní èèwọ̀ kan: wọn kì í fẹnu ara wọn pe ìsọ̀kalẹ̀ ìkẹyìn ní ìkẹyìn. Mo máa ń rò pé èèwọ̀ tó lọ́gbọ́n nínú ni, torí ìgbà tí ẹran itan ti rẹ̀ tí ilẹ̀ sì ti dì ni ìkẹyìn máa ń bọ́ sí.

Báyìí ló ṣe ṣubú. Ó ń dábùú òkè lọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló wà nísàlẹ̀. Ó bọ́ sórí ibi tó dì, síkì sáré, ẹ̀rù bà á. Ohun tí ẹ̀rù máa ń jẹ́ kí èèyàn ṣe ló ṣe: ó fà sẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ lọ sílẹ̀ ju orúnkún lọ, bí ẹni fẹ́ jókòó. Ọwọ́ òsì rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Síkì òsì gbéra nílẹ̀, gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀ bọ́ sórí ìdí síkì ọ̀tún, létí inú. Ó ń yọ̀ lọ síbẹ̀, ó sì gbìyànjú láti dìde. Ó gbọ́ "pàà" nínú orúnkún. Síkì ọ̀tún kò bọ́. Ó ní ìrora náà kò tó bí òun ṣe rò, pé ohun tó ba òun lẹ́rù ni ìró yẹn.

Àwọn olùṣọ́ òkè wá gbé e. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà ní Amẹ́ríkà láti 1938, nígbà tí Charles Minot Dole dá National Ski Patrol sílẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n sì ń ṣe. Wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ igi, wọ́n tẹ́ ẹ sínú pátákó gígùn kan tí wọ́n ń fà lórí yìnyín, wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀. Kó tó di alẹ́, orúnkún ti kún. Ilé ìwòsàn kékeré tó lọ ya fọ́tò, wọ́n ní eegun ò ṣẹ́, wọ́n fún un ní ọ̀pá méjì, wọ́n sì kọ ìwé pé kó lọ rí àgbà oníṣègùn eegun, kó lọ ṣe MRI, àyẹ̀wò tó ń fi iṣan àti ohun rírọ̀ inú ara hàn. Owó tí wọ́n sọ fún un bà á lẹ́rù ju ìṣubú lọ. Kò lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wíwú náà wálẹ̀, ó ń rìn, ó gbàgbé.

Nígbà tó sọ̀rọ̀ dé ibi tí ó ti fẹ́ dìde nígbà tó ṣì ń yọ̀ lọ, mi ò tíì fọwọ́ kan orúnkún náà. Àmọ́ mo ti mọ ibi tí mo máa kọ́kọ́ wò. Ìṣubú yìí ti lórúkọ nínú ìwé: phantom foot, ìyẹn ẹsẹ̀ tí kò sí níbẹ̀. Àwọn olùwádìí mẹ́ta kan ní Amẹ́ríkà, Carl Ettlinger, Robert Johnson àti Jasper Shealy, ló ṣe àlàyé rẹ̀. Síkì gùn jáde sẹ́yìn gìgísẹ̀, èèyàn kì í sì í ní ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Bí ẹni tó ń gùn ún bá jókòó sórí ìdí síkì yẹn tí etí inú rẹ̀ sì gé yìnyín, síkì á yí lọ sínú, á yí ojúgun dání, nígbà tí itan ṣì dúró síbi tó wà. Iṣan tó gba àárín orúnkún kọjá, tó so eegun itan mọ́ eegun ojúgun kí ojúgun má baà yọ síwájú, òun ló máa ń já.

Ẹ̀rọ tó mú bàtà kò lè rí irú agbára yìí. Ó mọ ìgbà tí iwájú bàtà bá fẹ́ fẹ̀gbẹ́ yọ àti ìgbà tí gìgísẹ̀ bá fẹ́ gbéra, ìyẹn ni wọ́n ṣe é fún. Láti ìgbà tí irú rẹ̀ ti dára sí i, láti bí ọdún 1970 wá, ojúgun tó ń ṣẹ́ lórí síkì ti dín kù gidigidi. Iṣan orúnkún kò bá a dín kù. Bàbá gbá fọ́ọ̀mù mú: ó ní àmì èké tí ọmọ òun fà ló fa gbogbo rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé kò dáa bó ṣe fà á, àmọ́ ká ní oníwọ̀ǹba ló fàmì sí, nínú irú ìṣubú yìí, síkì lè má bọ́ náà. Ohun tó lè gbà á ni ká ní wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú: kó na ọwọ́ síwájú, kó má jókòó, kó sì jẹ́ kí òun dúró pátápátá kó tó dìde. Àwọn mẹ́ta ọ̀hún fi irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn olùṣọ́ àti olùkọ́ síkì ní òkè 20. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1995 fi hàn pé orúnkún tó bàjẹ́ gan-an láàárín wọn fi 62 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Wákàtí kan tí ọmọ yìí fi kẹ́kọ̀ọ́, bí wọ́n ṣe ń dúró ni wọ́n kọ́ ọ.

Mo wá fọwọ́ kàn án. Ẹsẹ̀ tó dáa ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Èèyàn á tẹ orúnkún díẹ̀, á fi ọwọ́ kan di itan mú, á fi ìkejì fa ojúgun síwájú. Ní ẹsẹ̀ òsì, ojúgun rìn díẹ̀, ó sì dúró gbọ̀n-ún. Ní ti ọ̀tún, ó wá, ó tún wá, kò sí ohun tó dá a dúró. Mo ní kí Bàbá sún mọ́ ọn kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Wọ́n rí i. Wọn ò dárúkọ òtútù mọ́ títí wọ́n fi lọ.

Ìyá ní kí ló wá dé tó fi ń rìn láti oṣù Kejì. Mo ní, "Mà, tí ẹ bá so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn, tí okùn bá já tí ewúrẹ́ ò mọ̀, á ṣì dúró síbẹ̀ máa jẹ koríko. Ọjọ́ tí nǹkan bá dẹ́rù bà á lẹ máa mọ̀ pé kò sí okùn." Ọmọ yìí ń rìn lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, ó ń gun àtẹ̀gùn. Onílù ló dẹ́rù bà á. Fọ́tò tí wọ́n yà kò sì lè rí okùn, eegun ló ń rí. Nígbà mìíràn tí iṣan náà bá já, èérún eegun kékeré kan máa ń ṣí ní ẹ̀gbẹ́ ìta orúnkún, èyí tí Paul Segond ti kọ nípa rẹ̀ ní 1879, ọdún 16 kí Röntgen tó ṣàwárí ìtànṣán tí wọ́n fi ń ya fọ́tò eegun. Mo gbé fọ́tò méjèèjì sókè síbi ìmọ́lẹ̀, mo wá a. Kò sí.

Mo lọ kí bàbá tó ń to eegun. Àwọn kan nínú iṣẹ́ wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi máa ń ṣe é, torí ọwọ́ wọn ni orúnkún máa ń kọ́kọ́ dé. Mo dúpẹ́ pé wọn ò fà á. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, kí ni mo fẹ́ fà? Eegun ò ṣẹ́. Àmọ́ ó ń rìn níbi tí kò yẹ kó rìn."

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ sọ ìyẹn fún wọn?"

"Ṣé wọ́n bi mí ni?"

Ọwọ́ bàbá yìí ti rí ohun tí fọ́tò méjì kò rí, lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo bẹ̀ wọ́n pé tí wọ́n bá tún pàdé irú rẹ̀, kí wọ́n sọ gbólóhùn kejì yẹn láì dúró de ìbéèrè. Wọ́n gbà. Wọ́n ti fi ẹnì kan ránṣẹ́ sí mi láti ìgbà náà, ẹlẹ́sẹ̀ bọ́ọ̀lù kan láti àdúgbò Under-G.

MRI, Ìbàdàn ni wọ́n ti lọ ṣe é. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni wọ́n gbà, mi ò ní sọ̀rọ̀ ọ̀nà yẹn nítorí àwọn tó ń kà á mọ̀ ọ́n. Èsì rẹ̀ bá ohun tí ọwọ́ ti sọ mu: iṣan àárín já pátápátá, awọ rírọ̀ tó wà láàárín eegun méjèèjì sì ya díẹ̀ ní apá inú. Àwọn iṣan ẹ̀gbẹ́ dáa.

Ìpàdé ẹbí tó tẹ̀lé e le ju àyẹ̀wò lọ. Bàbá fẹ́ ta ilẹ̀ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́sẹ̀ yẹn. Ìyá ní kò sí ọ̀bẹ tó máa kan ọmọ òun. Àbúrò ìyá ní kí wọ́n gbé e lọ sórí òkè àdúrà fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní àdúrà dára, òkè ni kò dára fún un nínú oṣù yìí, pàápàá sísọ̀ kalẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá lè gbà á ní ìsàlẹ̀, inú mi á dùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ìjà sì rọ̀.

Ohun tí mo sọ fún wọn ni pé kò sí ìdí láti sáré. Ní Sweden, wọ́n pín àwọn ọ̀dọ́ 121 tí iṣan yìí já sí ọ̀nà méjì: wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún apá kan ní kíákíá, wọ́n sì fi eré ìdárayá tó létò tọ́jú apá kejì, tí ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá ṣì ń yẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ abẹ tó bá yá. Ní 2010 tí wọ́n tẹ èsì jáde, lẹ́yìn ọdún méjì, apá méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra nípa bí orúnkún ṣe rí. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, bí ìdajì àwọn apá kejì ti ṣe iṣẹ́ abẹ. Ìdajì tó kù kò ṣe é rárá. Nítorí náà, a lè bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ẹran itan, ká wo bí orúnkún á ṣe dáhùn. Ìyá gbọ́ "kò ṣe é rárá." Bàbá gbọ́ "ìdajì ti ṣe é." Àwọn méjèèjì gbà, olúkúlùkù nítorí ohun tó gbọ́.

Ìwọ̀nba ni mo fẹ́ sọ nípa ìtọ́jú náà. A kọ́kọ́ lé wíwú lọ, kó lè na ẹsẹ̀ gbọọrọ. Lẹ́yìn náà, ẹran ẹ̀yìn itan ni mo tẹnu mọ́, torí òun ló lè bá wa fa ojúgun sẹ́yìn nígbà tí iṣan ò sí. Iná kì í sábà sí, a ò sì nílò rẹ̀: ó ń dìde lórí àpótí pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan, ó ń sọ̀ kalẹ̀ àtẹ̀gùn ilé wọn díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn lélẹ̀ gbé ìdí sókè. Ó ń dúró lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan, ìyá rẹ̀ á máa ju sílípáàsì sí i, òun á máa hán an. Ìyá gbádùn apá yìí ju bó ti yẹ lọ.

Ìdọ̀bálẹ̀ di wàhálà lọ́tọ̀. Mo ní kó máa tẹríba lásán fún ìgbà díẹ̀, Bàbá sì sọ fún àwọn àgbà ilé. Àwọn kan gbà, àwọn kan ní òyìnbó ti dé. Bó ṣe wá rí, òun ni mo fi díwọ̀n. Nígbà tí oṣù Keje ń parí lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ó sì dìde láì fọwọ́ ti ilẹ̀ àti láì yí sí apá òsì.

Oṣù Kẹjọ ló padà. Fífi ẹsẹ̀ kan fò, tí a fi ń wọn agbára, ẹsẹ̀ ọ̀tún kò tíì dé ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ti òsì tí mo fẹ́, àmọ́ orúnkún kò yẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ agbo ijó. Mo kọ lẹ́tà fún àgbà oníṣègùn eegun lọ́hùn-ún, mo kó fọ́tò àti MRI sí i. Ìwé ìdójútòfò iléèwé rẹ̀ á san apá kan, ó ti béèrè báyìí, ohun tó yẹ kó ti ṣe ní oṣù Kejì. Bó bá jẹ́ ìwé àti kọ̀ǹpútà nìkan ló fẹ́ fi ayé ṣe, ó lè máà nílò ọ̀bẹ. Bó bá fẹ́ padà sórí bọ́ọ̀lù ọjọ́ Sátidé, tàbí tí orúnkún bá tún yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kó má fi falẹ̀, torí gbogbo ìgbà tó bá yẹ̀ ni awọ tó ti ya yẹn lè ya sí i. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó kéré tán oṣù mẹ́sàn-án ni kó tó gbé eré tó ní yíyí ara nínú.

Ó bi mí nípa síkì kó tó lọ, ó rí i pé kò sẹ́nì kankan nítòsí kó tó béèrè. Mo ní lọ́dún yìí, rárá. Lẹ́yìn ìyẹn, kí orúnkún àti oníṣègùn rẹ̀ jọ sọ̀rọ̀, kó sì kọ òótọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Ìyá rẹ̀ gbọ́ nípa ìbéèrè yẹn, mi ò mọ bó ṣe dé etí wọn. Wọ́n wá bá mi níbi iṣẹ́ tààrà, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sínú fáìlì pé àwọn, gẹ́gẹ́ bí ìyá, kò fọwọ́ sí síkì láéláé. Mo kọ ọ́. Wọ́n ní kí n kà á sí àwọn létí, mo kà á, wọ́n sì ní kí n fi ọjọ́ sí i.